Ògiri wo ló lanu tí HIV fi ń ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì wa?

Ẹyẹlé77

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ló fi ìbéèrè há mi lọ́fun lánàá. Ó ka ìwé ẹ̀ débi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé HIV máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ó wá bi mí pé ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe ń wọ̀ ọ́? Ṣé ó lẹ́nu tó fi ń gé e ni? Ṣé ó lọ́wọ́ tó fi ń ti ilẹ̀kùn ni? Mo ní ó kàn máa ń wọlé ni. Ó ní "gbogbo nǹkan tó bá wọlé ló níbi tó gbà wọlé." Ẹnu mi wọhò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, torí òótọ́ ni, nǹkan tí ò lẹ́sẹ̀, tí ò lójú, tí ò lẹ́nu, báwo ló ṣe ń mọ sẹ́ẹ̀lì tó máa wọ̀ láàárín gbogbo èyí tó wà lára èèyàn? Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ funfun ni HIV ń lọ bá, tí flu sì jẹ́ pé imú àti ọ̀fun ni tiẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi là á yé jọ̀ọ́, kó là á débi tí ọmọ ọdún 13 ò fi ní rí ihò nínú ẹ̀.

Adùkẹ́_Láàbù

Ẹyẹlé, bá mi kí àbúrò ẹ gan-an. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe, ó sì yẹ kó o mọ̀ pé ìbéèrè tó bi ẹ yẹn, ọdún 12 làwọn onímọ̀ fi wá apá kan ìdáhùn ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibi tó o ti máa bẹ̀rẹ̀ fún un nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì ò lágbára tó fi lè fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì. Kò lè rìn, kò lè wẹ̀, omi ara ló ń gbé e kiri bí odò ṣe ń gbé ewé. Ó kéré débi pé fífẹ̀ HIV kan ò ju nǹkan bí 100 sí 120 nánómítà lọ, tá a bá to 8,000 ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọ́n á fi gùn tó mìlímítà kan.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní awọ tó yí i ká, ọ̀rá ni awọ yẹn, púrótéènì oríṣiríṣi sì ta yọ lójú ẹ̀. Tiwa ni àwọn púrótéènì yìí o, kì í ṣe ti fáírọ́ọ̀sì, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn, òmíì ń gba ìròyìn, òmíì ń gba oúnjẹ wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní T-helper, òun ni ọ̀gágun tó ń pàṣẹ fáwọn ọmọ ogun ara tó kù. Púrótéènì kan wà lára ẹ̀ tó ń jẹ́ CD4. HIV náà ní nǹkan tó ta yọ lára tiẹ̀, kì í pọ̀, nǹkan bíi mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá lára fáírọ́ọ̀sì kan. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gp120, ìdí ẹ̀ ni gp41. Bí omi ara ṣe ń gbé e kiri, á máa kọ lu sẹ́ẹ̀lì lọ́tùn-ún lósì, kò ní lẹ̀ mọ́ wọn, àfi ọjọ́ tí gp120 bá kan CD4. Torí náà sọ fún àbúrò ẹ pé kò mọ ibi tó ń lọ rárá. Kò wá ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kọ lu nǹkan kiri títí á fi kan èyí tó bá a mu.

Ọdún 1984 ni wọ́n ti mọ̀ pé CD4 ni. Wọ́n wá mú sẹ́ẹ̀lì eku, wọ́n fi CD4 èèyàn sí i lára, wọ́n da HIV lé e. HIV lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, àmọ́ kò wọlé! Ó dúró síta bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn tẹ́nì kankan ò dá lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fura pé nǹkan kejì ṣì wà lára sẹ́ẹ̀lì èèyàn, tí eku ò ní irú ẹ̀. Ọdún 1996 ni ọwọ́ tó bà á, CXCR4 ni wọ́n kọ́kọ́ rí, CCR5 sì tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ á wá dúró wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. gp120 kan CD4. Bó ṣe ń gbá a mú báyìí ni gp120 fúnra ẹ̀ ń yí padà, tó ń gbé apá kan tó ti fi pa mọ́ síta. Apá yẹn ló máa wá di CCR5 mú. Ìgbà tó bá ti di méjèèjì mú ni gp41 tó ti ká jọ nísàlẹ̀ máa ta nà bí ọrun tí wọ́n tú, á ta ṣóńṣó ẹ̀ sínú awọ sẹ́ẹ̀lì wa bí ìwọ̀ apẹja. Ó ti há nìyẹn. gp41 á wá ṣẹ́ po, bí ẹni tó nà gbalaja tó ṣàdédé ká orúnkún mọ́ àyà, bó sì ṣe ń ká ló ń fa awọ fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì sún mọ́ ara wọn títí wọ́n á fi kan ara wọn. Ọ̀rá ni méjèèjì. Ẹ ti rí ẹ̀kán epo méjì tó pàdé lójú omi rí? Bí wọ́n ṣe máa ń dà pọ̀ di ẹyọ kan láìsí ojú àpá, bẹ́ẹ̀ ni awọ méjèèjì ṣe máa dà pọ̀, tí ohun tó wà nínú fáírọ́ọ̀sì á sì bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì.

Kò fọ́ nǹkan kan. Ara wa ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Bàbá_Ìbejì

Adùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun, ó yé mi ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò lọ. Àmọ́ ìbéèrè méjì ni mo ní. Tó bá jẹ́ CD4 yìí ni ẹnu ọ̀nà, ṣé wọn ò lè bá wa yọ ọ́ kúrò lára ni kí gbogbo wa sinmi? Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV tó wá jẹ èmi náà, ṣé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ ni? Ó ti pẹ́ tó ti ń dà mí láàmú, ojú ló ń tì mí láti bi dókítà.

Tẹjúmọ́

Bàbá, ẹ jẹ́ n gba ti ẹ̀fọn. Ẹnu tí ẹ̀fọn fi ń jẹni kì í ṣe ihò kan. Ihò tó fi ń tu itọ́ sí wa lára lọ́tọ̀, èyí tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, kì í pọ ẹ̀jẹ̀ àná sára ẹni tó ń jẹ lónìí. HIV tó bá bá ẹ̀jẹ̀ wọ ikùn ẹ̀, kò ní rí CD4, kò ní rí CCR5, kò síbi tó fẹ́ wọ̀, ikùn ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú ló yàtọ̀, ti dengue náà, àwọn yẹn lè wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn, wọ́n á bí sí i níbẹ̀, wọ́n á rìn dé ibi tí itọ́ ẹ̀ ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn fi lè gbé wọn fúnni. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ògiri tó lanu náà ló ṣì jẹ́. Ara ẹ̀fọn lanu fún àwọn yẹn, kò lanu fún HIV.

Adùkẹ́_Láàbù

Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kójú tì yín mọ́, abèèrè kì í ṣìnà.

CD4 ò ṣeé yọ sà. Òun ni ọ̀gágun yẹn fi ń dá ọ̀tá mọ̀, tá a bá yọ ọ́, iṣẹ́ tí HIV fẹ́ ṣe la ti bá a ṣe tán. CCR5 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò ní in lára sẹ́ẹ̀lì wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, lẹ́tà 32 ló fò nínú DNA, ìyẹn ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, tó yẹ kó ṣe é, wọ́n ń pè é ní delta 32. Ẹni tó bá jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, èyí tó pọ̀ jù nínú HIV ò ní rọ́nà wọlé sí i lára, bẹ́ẹ̀ ara onítọ̀hún le koko. Láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwa adúláwọ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Timothy Ray Brown. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì ni, ó ní HIV, ó tún wá ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà ẹ̀ wá ẹni tó ní delta 32 méjèèjì, wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára onítọ̀hún, wọ́n fi rọ́pò tiẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2008. Kò lo oògùn HIV mọ́, fáírọ́ọ̀sì ò sì padà wá. Jẹjẹrẹ tó padà dé ló pa á lọ́dún 2020, kì í ṣe HIV. Adam Castillejo tí wọ́n tọ́jú ní London náà gba ọ̀nà yẹn.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka èyí kó máa rò pé ibi táwọn olóògùn yẹ kó darí gbogbo wa sí nìyẹn. Kí wọ́n tó fi tẹlòmíì sí i, wọ́n máa kọ́kọ́ fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn eegun tèèyàn run, ẹlòmíì sì ń kú síbẹ̀. Torí jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe ṣe é fáwọn méjèèjì. HIV kan tún wà tó jẹ́ CXCR4 ló ń gbà wọlé, ìyẹn ò tiẹ̀ bìkítà bóyá CCR5 wà àbí kò sí.

Ohun tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni oògùn. Maraviroc jáde lọ́dún 2007, ara CCR5 tiwa ló ń lọ jókòó sí kí gp120 má ráyè dì í mú. Enfuvirtide ti ṣáájú ẹ̀ lọ́dún 2003, òun ń dí gp41 lọ́wọ́ kó má lè ká orúnkún. Ìwọ̀ á há o, àmọ́ kò ní lè fà.

Tẹjúmọ́

Ẹyẹlé, o béèrè flu, mi ò tíì dá ẹ lóhùn. Tiẹ̀ tún yàtọ̀.

Flu kì í dúró lójú awọ bíi HIV. Ṣúgà kan wà lórí sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú imú àti ọ̀fun wa, sialic acid ni wọ́n ń pè é, òun ni flu ń dì mú. Sẹ́ẹ̀lì á wá gbé e mì, bó ṣe máa ń gbé nǹkan tó fẹ́ lò mì, á fi awọ ara ẹ̀ wé e bí àpò kékeré, á fà á wọlé. Inú àpò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ àwọn nǹkan tí wọ́n bá gbé mì di àtúnlò nìyẹn. Kíkan yẹn gan-an ni flu ń dúró dè! Tó bá ti kan dé bíi pH 5 (pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó), púrótéènì ẹ̀ á ta jáde, á so awọ méjèèjì pọ̀, á bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Nǹkan tó yẹ kó pa á ló fi ṣe àmì pé àsìkò ti tó.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni ìgbà tí àwọn ọmọ ẹ̀ bá fẹ́ jáde. Ṣúgà tó dì mú wọlé yẹn ṣì wà níta, á fẹ́ mú àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ni flu bá gbé sísọ́ọ̀sì dání, neuraminidase, òun ló fi ń gé ṣúgà yẹn kí àwọn ọmọ lè lọ. Oògùn oseltamivir tí wọ́n máa ń fún àwọn tí flu mú, sísọ́ọ̀sì yẹn ló ń bà jẹ́.

Kórónà ní tiẹ̀, ACE2 ló ń dì mú, púrótéènì wa tó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá dì í mú tán, kò lè wọlé àfi tẹ́nì kan bá bá a gé púrótéènì tó ta yọ lára ẹ̀, púrótéènì wa mìíràn tó ń jẹ́ TMPRSS2 ló sì ń bá a gé e. Ejò lọ́wọ́ nínú! Tí TMPRSS2 ò bá sí nítòsí, á gba ọ̀nà àpò bíi ti flu.

Fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi ń wọ ẹnu iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ níbi tí ajá ti géni jẹ, á máa gun iṣan yẹn lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Torí ó ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára fi lè ṣáájú ẹ̀ débẹ̀ tá a bá tètè gbà á, torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé ká fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ká tó gbéra lọ sọ́sìbítù. Tèèyàn bá dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àtúnṣe mọ́.

Ẹ̀bólà ló lágídí jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn púrótéènì òṣìṣẹ́, tó wà nínú àpò á máa gé e lára, ó dà bíi pé wọ́n ń pa á, àṣé ńṣe ni wọ́n ń bó èèpo tó bo ibi tó fi ń di nǹkan mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o tán ló máa wá di púrótéènì wa kan tó ń jẹ́ NPC1 mú, tó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún sẹ́ẹ̀lì ló wà, kò tiẹ̀ sí lójú awọ rárá. 2011 ni wọ́n rí ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Tẹjúmọ́ o ṣeun, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé kò ní awọ ọ̀rá kankan, kí ló wá máa dà pọ̀ mọ́ awọ tiwa? Hepatitis B ńkọ́, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀dọ̀ nìkan ló mọ̀?

Tẹjúmọ́

Òótọ́ ni, ìhòòhò ni fáírọ́ọ̀sì rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ wà, púrótéènì lásán ló wọ̀. Púrótéènì wa kan tó ń jẹ́ CD155 ló ń dì mú, lẹ́yìn náà á yí ara ẹ̀ padà, á lu ihò kékeré sí awọ sẹ́ẹ̀lì, RNA ẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tiẹ̀, á gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí àìní ọ̀rá yìí náà ni irú wọn ṣe máa ń le sí ọṣẹ àti ọtí apakòkòrò. Ọ̀rá tó bo HIV, flu àti kórónà ni ọṣẹ ń tú, tí ọ̀rá bá ti tú, púrótéènì tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú ti tú dànù nìyẹn.

Hepatitis B ń di púrótéènì kan tó ń jẹ́ NTCP mú, ẹ̀dọ̀ ló ní NTCP, òun ló fi ń kó èròjà òróǹro padà wọlé. Ibòmíì lára ò ní in bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ fáírọ́ọ̀sì yẹn láti àwọn ọdún 1960, àmọ́ ọdún 2012 ni wọ́n tó mọ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Tí HIV bá wá wọlé tán, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kí ló dé tí oògùn ò lè lé e jáde pátápátá?

Adùkẹ́_Láàbù

Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí tí mo bá ń sọ ọ́ o.

Ohun tó bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì yẹn ni àpò púrótéènì kan tó rí ṣóńṣó bí okòtó, capsid. Púrótéènì kan ṣoṣo náà ni wọ́n tò jọ tó nǹkan bí 1,500 tó fi di odindi. Ẹ̀dà RNA méjì ló wà nínú ẹ̀, lẹ́tà bí 9,700 ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. DNA tiwa ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ wo bí nǹkan ṣe kéré tó tó ń da ilé ńlá rú.

DNA ni ìwé tí sẹ́ẹ̀lì wa ń tọ́jú, HIV ò sì ní ju RNA lọ. Ó wá gbé akọ̀wé tiẹ̀ dání, reverse transcriptase, tó ń sọ RNA di DNA. Howard Temin àti David Baltimore ló kọ́kọ́ rí irú ẹ́ńsáìmù yẹn lára fáírọ́ọ̀sì mìíràn lọ́dún 1970, nígbà yẹn àwọn èèyàn gbà pé DNA ló ń di RNA, kì í padà sẹ́yìn. Akọ̀wé yìí kì í yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, àṣìṣe ẹ̀ pọ̀ bíi kí la gbéjó, àṣìṣe yẹn ló ń jẹ́ kí ojú HIV máa yí padà lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ ogun ara má sì dá a mọ̀. Ara ohun tó sọ àjẹsára ẹ̀ di iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé bí àpò yẹn bá ṣe ń bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ló ń tú ká. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ awò rí i pé odindi ẹ̀ ń gba ihò tó wà lára yàrá DNA wa wọlé, ọ̀hún ló ti ń tú. Ẹ́ńsáìmù kejì, integrase, á gé DNA tiwa, á rán tiẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn lọ kì í ṣe àlejò mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá bímọ, àwọn ọmọ ẹ̀ á jogún ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á máa rọ HIV tuntun títí wọ́n á fi kú. Nínú ara ẹni tí ò lo oògùn, tuntun tó ń jáde lójúmọ́ lè tó bílíọ̀nù mẹ́wàá. Àmọ́ díẹ̀ nínú wọn á sùn. Wọn ò ní rọ nǹkan kan, wọn ò ní gbé àmì kankan síta, wọ́n á kàn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn ò lè mú ohun tí ò ṣiṣẹ́. Ìdí tí ò fi ṣeé lé jáde nìyẹn.

Ìrètí_ńbẹ

Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo ti mọ̀ láti ọdún 2009 pé mo ní HIV. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi, obìnrin tó jókòó síwájú mi ò wò mí lójú, ìdí bírò ló fi ti káàdì mi sún lórí tábìlì kí ọwọ́ wa má bàa pàdé. Mi ò gbàgbé ìró tí káàdì yẹn ṣe lórí igi.

Wọ́n ní kí n máa lo oògùn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Lọ́dún kẹta, àyẹ̀wò ní fáírọ́ọ̀sì ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Mo rò pé ó ti tán, mo dá oògùn dúró. Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi padà dé, mo sì rò pé wọ́n parọ́ fún mi ni. Àní kí ẹnì kan ti sọ fún mi nígbà yẹn pé òmíì ń sùn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré. Mi ò ní dá a dúró láé.

Mo ti padà sídìí ẹ̀ tipẹ́, kò hàn mọ́ títí dòní, ọkọ mi ò ní in, ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́fà, kò ní in.

Adùkẹ́_Láàbù

Ìrètí, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an mà. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín yẹn ò dáa, kò sì ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, torí HIV ò sí lórí káàdì, ì bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ obìnrin yẹn ò lanu fún un.

Tí fáírọ́ọ̀sì ò bá ti hàn nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì hàn lọ títí, èèyàn ò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń bára wọn sùn. Ìwádìí PARTNER2 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 tẹ̀ lé àwọn tọkọtọkọ 782 (ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn) tí ẹnì kan ní in tí ẹnì kejì ò ní in, wọn ò lo kọ́ńdọ̀mù. Òdo lèèyàn tí ẹnì kejì ẹ̀ kó o ràn.

Bàbá_Ìbejì

Ìyá, Ọlọ́run á tún máa ṣọ́ yín. Mo tọrọ àforíjì, torí èmi náà ti wà lára àwọn tó máa ń ya ife ẹlòmíì sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ n béèrè kó má baà kù mí nínú: itọ́ ńkọ́? Dídì mọ́ra ńkọ́? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Rárá sà, rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awọ ara wa lókè pátápátá, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni wọ́n tò lé ara wọn, òkú ò ní ilẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí. Ìwọ̀nba HIV tó bá wà nínú itọ́ kéré, itọ́ fúnra ẹ̀ sì ní àwọn nǹkan tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ibi tí HIV ti pọ̀ tó láti ranni ni ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí, àti omi ọyàn. Ojú ara obìnrin àti ihò ìdí, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní CD4 sì wà lábẹ́ ẹ̀ nítòsí. Tí egbò tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á tún ya bo ibẹ̀ láti wá jà, àwọn gan-an sì ni HIV ń wá. Ìdí tá a fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè tọ́jú àrùn wọ̀nyẹn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n tún sọ èyí torí mo rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi tó ń pẹ́ jù. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kọ́ńdọ̀mù já, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò gún yín, wọ́n fipá bá ẹnì kan lò, oògùn wà tó lè dá a dúró kó tó fìdí múlẹ̀. Wákàtí 72 lẹ ní, kẹ́ ẹ sì má dúró de wákàtí kejìléláàádọ́rin yẹn o, wákàtí àkọ́kọ́ dáa ju ìkejì lọ. Ọjọ́ 28 lẹ máa fi lò ó. Ẹ má sọ pé ẹ máa sùn kẹ́ ẹ tó rò ó. Tó bá ti rán DNA ẹ̀ mọ́ tiyín tán, kò sí oògùn tó ń tú u.

Abẹ́rẹ́ lenacapavir náà ti wà báyìí fún ẹni tí ò tíì ní in, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àpò ṣóńṣó tí Adùkẹ́ sọ yẹn ló ń dì mú, kò ní jẹ́ kó tú bó ṣe yẹ, kò sì ní jẹ́ kí tuntun tò dáadáa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, àwọn ọmọdébìnrin àti ọ̀dọ́bìnrin 2,134 ló gba abẹ́rẹ́ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó HIV nínú wọn. Lọ́dún 2024 ni èsì ẹ̀ jáde. Mo ka nọ́ńbà yẹn, mo pe àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá kà á.

Adùkẹ́_Láàbù

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun mà. Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ fi sí i fún àbúrò Ẹyẹlé. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú 100 DNA tiwa, àjẹkù fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ tó rán ara ẹ̀ mọ́ àwọn baba ńlá wa ni, irú wọn tí HIV jẹ́. Ara wa tiẹ̀ ti gba ọ̀kan níṣẹ́. Púrótéènì tí fáírọ́ọ̀sì kan fi ń so awọ méjì pọ̀ nígbà yẹn, syncytin, òun náà ni sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ fi ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn kí oúnjẹ ìyá lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ò tipa ẹ̀ jẹun rí.

Ẹyẹlé77

Ẹ̀yin ará, mo kà á fún un látòkè délẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: ṣebí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ò ní yàrá DNA kankan? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n lẹ CD4 mọ́ ìyẹn lára nígbà náà, kí HIV lọ wọ ibẹ̀, kó má rí DNA tó máa rán ara ẹ̀ mọ́, kó kú síbẹ̀. Adùkẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn ni?

Adùkẹ́_Láàbù

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé rárá! Àwọn onímọ̀ ti ṣe é ní láàbù, wọ́n fi CD4 sára ẹ̀jẹ̀ pupa, HIV sì kó sí i bí ẹran ṣe ń kó sí pàkúté. Láàbù ló ṣì mọ, kò tíì di oògùn, torí HIV pọ̀ ju pàkúté lọ, ẹ̀jẹ̀ pupa náà kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Bi í bóyá CD4 nìkan ló máa fi síbẹ̀ àbí ó máa fi CCR5 mọ́ ọn. Mo fẹ́ gbọ́ èyí tó máa mú àti ìdí ẹ̀.

Ẹyẹlé77

Ó ní méjèèjì. Ó ní tó bá jẹ́ CD4 nìkan, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí bíi ti eku yẹn, ó sì lè já bọ́ kó lọ wá ibòmíì.